Ilé-ìkàwé wa fẹ́ jáwọ́ nínú àpò jọ́nà ńlá: kí la ó ṣe kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn?

Ọmọ Ìkirè ní Midwest

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa tó ń ṣiṣẹ́ ilé-ìkàwé káàkiri. Ilé-ìkàwé yunifásítì ìjọba ni mo wà, ní àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà. Ọ̀gá tó ń bójú tó àdéhùn àwọn jọ́nà orí ayélujára ti fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ náà sì ti bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ìparí December ni àdéhùn àpò ńlá wa (ọ̀pọ̀ jọ́nà tí wọ́n dì pọ̀ tà fún wa ní iye kan) pẹ̀lú ọ̀kan nínú àwọn atẹ̀wétà ńláńlá máa parí. Iye tí wọ́n gbé wá fún ọdún mẹ́ta tó ń bọ̀ ju agbára wa lọ, nítorí owó tí yunifásítì ń yà sọ́tọ̀ fún wa kò kúrò lójú kan láti ìgbà àrùn Kòrónà. Ọ̀gá wa ti sọ ọ́ gbangba pé bí wọn ò bá gbé e wálẹ̀, a ó jáwọ́.

Jíjáwọ́ gan-an kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù, ọjọ́ kejì rẹ̀ ni. Kí ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n á máa kà? Nínú ohun tí a ti ń sanwó fún láti ọdún gbọọrọ, èwo ló máa kù sí wa lọ́wọ́? Ṣé àwọn atẹ̀wétà wọ̀nyí tún máa ń padà wá báni sọ̀rọ̀? Ẹ̀yin tí ẹ ti gba ibẹ̀ kọjá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá sí i.

Ìyá Àwọn Ìwé

Àbúrò, o kú iṣẹ́, o sì kú ewu iṣẹ́ tuntun. Wọ́n máa ń padà wá. California ni mò ń gbé, gbogbo wa níbí la sì fojú sí ọ̀rọ̀ University of California (UC) àti Elsevier, atẹ̀wétà jọ́nà ńlá nì, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní 28 February 2019 ni UC kéde pé àwọn kò tún àdéhùn náà ṣe mọ́. Ẹ rántí pé yunifásítì yẹn kì í ṣe kékeré: ọgbà mẹ́wàá ni, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo àpilẹ̀kọ ìwádìí tó ń ti Amẹ́ríkà jáde, ọ̀dọ̀ wọn ló ti ń wá. Títí di July ọdún yẹn, àwọn àpilẹ̀kọ tuntun ṣì ń ṣí fún wọn. July ni Elsevier tó tì í. Nígbà tó di August, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó lé ní ọgbọ̀n ní UC, Jennifer Doudna wà lára wọn, kọ̀wé pé àwọn ò ní ṣiṣẹ́ olóòtú mọ́ fún àwọn jọ́nà Cell Press, tó jẹ́ ti Elsevier, títí ọ̀rọ̀ náà á fi lójú. Ó di March 2021 kí wọ́n tó kéde àdéhùn tuntun ọlọ́dún mẹ́rin. Nínú àdéhùn yẹn, wọ́n ń ka jọ́nà, àpilẹ̀kọ tí àwọn ara wọn bá kọ sì ń jáde lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé. Ilé-ìkàwé ń san 1,000 dọ́là àkọ́kọ́ lórí owó ìtẹ̀jáde kọ̀ọ̀kan, ó sì ń san gbogbo rẹ̀ fún ẹni tí kò ní owó ìwádìí.

Ohun tó mú wọn dúró ṣinṣin ni mo fẹ́ kí o mú lọ. Kì í ṣe àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé nìkan ló lọ jókòó. Ní 2018, kí ọ̀rọ̀ tó le, ìgbìmọ̀ àwọn olùkọ́ tó ń rí sí ilé-ìkàwé ti kọ ohun tí wọ́n fẹ́ àti ohun tí wọn ò ní gbà sílẹ̀, gbogbo ayé sì rí i. Nítorí náà, nígbà tí ilẹ̀kùn tì, kò sí ọ̀jọ̀gbọ́n tó lè sọ pé òun ò gbọ́. Ìwọ náà, lọ bá ìgbìmọ̀ àwọn olùkọ́ yín lóṣù yìí, má dúró de November. Aṣojú atẹ̀wétà á gba ẹ̀yìn yín lọ bá ọ̀gá àgbà yunifásítì, á lọ bá àwọn olórí ẹ̀ka tó lórúkọ, á ní ilé-ìkàwé fẹ́ ba iṣẹ́ wọn jẹ́. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ lẹ́nu yín tẹ́lẹ̀, òfìfo ni yóò bá níbẹ̀. Ẹ fi ẹnu kan ṣoṣo sọ̀rọ̀: ẹnì kan ni kó máa dáhùn lẹ́tà wọn, kí gbogbo ìfilọ̀ sì jẹ́ lórí ìwé.

Òǹkà

Màmá ti sọ ti òṣèlú, ẹ jẹ́ kí n sọ ti òǹkà.

Àròpọ̀ tí aṣojú wọn máa gbé wá, ẹ má fi ṣe nǹkan kan. Ó máa ń dùn létí púpọ̀: “Àwọn èèyàn yín ṣí àpilẹ̀kọ tó tó báyìí!” Ẹ fa ìjábọ̀ COUNTER (ìlànà àgbáyé tí a fi ń ka lílò jọ́nà) fúnra yín. TR_J1 á sọ iye ìgbà tí wọ́n lo jọ́nà kọ̀ọ̀kan, àmọ́ TR_J4 ni kí ẹ dì mú, nítorí òun ló pín lílò sí ọdún tí àpilẹ̀kọ náà jáde. Nígbà tí àwa pín tiwa bẹ́ẹ̀, a rí i pé ohun àtijọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú ohun tí àwọn èèyàn ń ṣí, àwọn mìíràn ti lé ní ọdún mẹ́wàá. Bí ẹ bá ní ẹ̀tọ́ títí ayé lórí àwọn ọdún yẹn, ẹnikẹ́ni ò lè gbà á lọ́wọ́ yín. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìṣírò. Ẹ tún yọ àwọn èyí tó ti wà lọ́fẹ̀ẹ́ ní ibòmíràn. Èyí tó bá ṣẹ́kù nìkan ni ẹ ń dúnàádúrà lé lórí, kì í sì í pọ̀ tó bí ẹ ṣe rò.

Àwọn tó ṣe Unpaywall (èyí tó ń wá ẹ̀dà ọ̀fẹ́ àpilẹ̀kọ) ní ohun èlò kan tí wọ́n ń pè ní Unsub tó ń ṣe ìṣírò yìí: èwo ni kí ẹ mú, èwo ni kí ẹ fi sílẹ̀, mélòó ni ìyáwèé (yíyá ẹ̀dà lọ́wọ́ ilé-ìkàwé mìíràn) máa ná yín. Ó ń gba owó, àmọ́ owó tó ń gbà kéré sí ohun tó ń gbà là. State University of New York lo irú ìṣírò bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó fi àpò ńlá Elsevier sílẹ̀ ní April 2020. Nǹkan bí 2,200 jọ́nà ló wà nínú àpò yẹn. 248 ni wọ́n mú.

Ṣùgbọ́n o, òǹkà ò mọ ohun gbogbo. Ẹ̀ka tó ní olùkọ́ mẹ́rin péré kò lè ní lílò tó pọ̀ bíi ti ẹ̀ka ìṣègùn láéláé, jọ́nà kan ṣoṣo tí wọ́n ń lò sì lè jẹ́ òun nìkan ló wà fún iṣẹ́ wọn lágbàáyé. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn. Ẹ má sì béèrè pé “Èwo lẹ fẹ́?”, wọ́n á ní gbogbo rẹ̀ ni. Ẹ ní kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan mú márùn-ún, kí wọ́n tò wọ́n láti orí dé ìsàlẹ̀.

Akọ̀wé Àdéhùn

Ẹ̀tọ́ títí ayé tí Òǹkà fẹnu bà yẹn, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé-ìkàwé ti ń kàgbákò. Iṣẹ́ mi ni kíka ìwé àdéhùn, ẹ jẹ́ kí n tú u díẹ̀.

Nínú àpò ńlá, oríṣi jọ́nà méjì ló wà. Àwọn kan ni èyí tí ilé-ìkàwé yín ń sanwó fún ní orúkọ-orúkọ látọjọ́ pípẹ́, ọ̀pọ̀ ìgbà láti ìgbà tí wọ́n ṣì ń jẹ́ bébà. Àwọn yòókù, tí wọ́n sì máa ń pọ̀ jù, ènì ni. Lọ́jà tiwa, ẹni tó bá fún ọ ní ènì kì í gbà á padà. Àwọn wọ̀nyí ń gbà á. Ọjọ́ tí àdéhùn bá parí, ẹ̀tọ́ títí ayé sábà máa ń wà lórí èyí tí ẹ rà ní orúkọ nìkan, fún àwọn ọdún tí ẹ sanwó rẹ̀ nìkan. Ènì á pòórá. Nítorí náà, ẹ má ka àdéhùn tó wà lójú iná nìkan. Ẹ wá àwọn ti àtijọ́ jáde, àti àfikún orúkọ jọ́nà tó wà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ́dọọdún. Bí ọ̀gá tó fẹ̀yìn tì bá ṣì ń gbé nítòsí, ẹ gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò lọ kí i, kí ẹ bi í níbi tó kó wọn pamọ́ sí.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ̀wé sí atẹ̀wétà pé kí wọ́n fi àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tí wọ́n gbà pé ó jẹ́ tiyín ránṣẹ́, jọ́nà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọdún tó bẹ̀rẹ̀ àti ọdún tó parí. Ìsinsìnyí ni kí ẹ béèrè, nígbà tí wọ́n ṣì ń wá owó yín. Lẹ́yìn tí ẹ bá lọ tán, lẹ́tà yín á máa sùn lórí tábìlì ẹnì kan. Ẹ fi tiwọn wé tiyín. Ẹ máa rí àlàfo, pàápàá níbi tí jọ́nà ti kúrò lọ́dọ̀ atẹ̀wétà kan lọ sọ́dọ̀ òmíràn. Ìlànà kan wà tí wọ́n ń pè ní Transfer Code of Practice, ó ní kí ẹ̀tọ́ àwọn tó ti sanwó bá jọ́nà lọ sí ilé tuntun. Àwọn atẹ̀wétà tó fọwọ́ sí i pọ̀, ṣùgbọ́n fífọwọ́ sí i yàtọ̀ sí kí wọ́n kó àkọsílẹ̀ yín dé ibẹ̀ láìsí àbùkù.

Ẹ wo ibi tí wọ́n tún ti ń pa ìwé náà mọ́. Bí yunifásítì yín bá wà nínú Portico, àpamọ́ kan tó ń tọ́jú ẹ̀dà jọ́nà orí ayélujára, àwọn atẹ̀wétà kan ti gbà kó ṣí ohun tí ẹ ti sanwó rẹ̀ fún yín lẹ́yìn tí ẹ bá jáwọ́. Kì í ṣe gbogbo wọn, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ní orúkọ-orúkọ. CLOCKSS, àpamọ́ mìíràn, yàtọ̀. Ìgbà tí jọ́nà bá kú, tí kò sí níbì kankan mọ́, ni wọ́n tó ń ṣí i, nígbà yẹn sì rèé, gbogbo ayé ni wọ́n ń ṣí i fún. Ẹ má gbé e lé e pé òun ló máa gbà yín.

Ohun tó kù ni ọ̀rọ̀ àṣírí. Wọ́n á fẹ́ kí ẹ fọwọ́ sí i pé ẹ ò ní sọ iye tí ẹ san fún ẹnikẹ́ni. Ẹ má gbà. Yunifásítì ìjọba ni yín, òfin ìpínlẹ̀ lórí àkọsílẹ̀ ìjọba wà lẹ́yìn yín. Ní 2009, Elsevier pe Washington State University lẹ́jọ́ kó má bàa fi ìwé àdéhùn han àwọn olùwádìí tó béèrè rẹ̀, adájọ́ kò gbà fún un. Irú ìwé àdéhùn bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé kó jọ tí wọ́n fi tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nínú jọ́nà PNAS ní 2014, tó fi hàn pé yunifásítì méjì tó jọra lè máa san iye tó jìnnà síra fún àpò kan náà. Ẹni tí kò mọ iye tí aládùúgbò rẹ̀ san, kí ló fẹ́ fi dúnàádúrà?

Ọmọ PhD

Ẹ̀yin àgbà, mo tẹrí ba. Ẹ jẹ́ kí n sọ tàwa tí ẹ ń gé nǹkan lé lórí. Ní yunifásítì tèmi, wọ́n gé e, a ò gbọ́ nǹkan kan. Mo kàn tẹ àpilẹ̀kọ kan ni, ojú ìwé tó ń béèrè nǹkan bí 40 dọ́là ló yọ sí mi. Mo rò pé íńtánẹ́ẹ̀tì ilé mi ló bàjẹ́. Alábàágbé mi ní kí n gbà Sci-Hub (ojúlé tó ń pín àpilẹ̀kọ láìgba àṣẹ) lọ, ìyẹn ni gbogbo wọn ń ṣe. Ẹ̀yin ilé-ìkàwé, ẹ ò mọ̀ ni àbí ẹ ń díbọ́n?

Oníyàáwèé

A mọ̀. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé tó bá júwe ọ̀nà yẹn fún ọ ti fi ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sínú wàhálà. Ní 2017, ilé-ẹjọ́ kan ní New York dá owó 15 mílíọ̀nù dọ́là lé Sci-Hub lórí nítorí Elsevier. Ẹ jẹ́ ká fi ibẹ̀ sílẹ̀, nítorí ohun tó gbé yín débẹ̀ gan-an ni ojú ìwé 40 dọ́là yẹn, ìyẹn sì jẹ́ ohun tí ilé-ìkàwé lè tún ṣe.

Ọmọ Ìkirè, ibi tí iṣẹ́ tìrẹ pọ̀ sí nìyí. Nínú ètò tó ń so àpilẹ̀kọ mọ́ ibi tó wà, jọ́nà kọ̀ọ̀kan ní ọdún ìbẹ̀rẹ̀ àti ọdún ìparí. Níbi tí wọ́n ti kọ “títí di ìsinsìnyí” ni kí ẹ ti pààrọ̀ rẹ̀ sí ọdún tí ẹ̀tọ́ yín parí gan-an. Bí ẹ kò bá yí i padà, ètò náà á máa ti àwọn èèyàn lọ sí ojú ìwé tí wọ́n ti ń béèrè owó. Bí ẹ bá yí i padà, á gbé wọn lọ tààrà sí fọ́ọ̀mù ìyáwèé, orúkọ àpilẹ̀kọ, jọ́nà, ọdún, gbogbo rẹ̀ á ti wà níbẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tẹ bọ́tìnì kan ló kù. Ẹ fi Unpaywall há àárín, kí èyí tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ kọ́kọ́ yọ kí fọ́ọ̀mù tó yọ.

Ní ti ìyáwèé fúnra rẹ̀: àwọn èèyàn máa ń bẹ̀rù pé ìbéèrè á ya wọlé bí omi. Kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ó ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣí àpilẹ̀kọ mẹ́wàá láti wo àkótán wọn kò ní béèrè fún mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ó lè béèrè fún méjì. Bí ẹ bá wà nínú RapidILL, ètò tí àwọn ilé-ìkàwé fi ń yára yá ara wọn ní àpilẹ̀kọ, àpilẹ̀kọ máa ń dé láàárín wákàtí díẹ̀ tàbí ọjọ́ kan. (Ẹ̀kún omi tó ba ilé-ìkàwé Colorado State jẹ́ ní July 1997 ló bí RapidILL. Ìwé wọn rì sómi, wọ́n ní láti wá bí wọ́n á ṣe máa rí ẹ̀dà yá kíákíá. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn.)

Kí ẹ mọ òté rẹ̀ o. Ní Amẹ́ríkà, ìlànà CONTU (ìgbìmọ̀ ìjọba kan lórí ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé) ló wà lẹ́yìn òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé: láàárín ọdún kan, ilé-ìkàwé tó ń yá lè gba ẹ̀dà márùn-ún láti inú jọ́nà kan, nínú àwọn àpilẹ̀kọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ẹ̀kẹfà, ẹ máa san owó ẹ̀tọ́. Èyí tó ti lé ní ọdún márùn-ún kò sí lábẹ́ òté yẹn. Nítorí náà, jọ́nà tí ẹ bá rí i pé ó ń kọjá márùn-ún dáadáa lọ́dọọdún, ẹ padà lọ wo iye tí wọ́n ń ta òun nìkan. Ó lè jẹ́ pé òun ló yẹ kí ẹ rà. Fún ẹni tó bá ń kánjú, ẹ ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ríra ẹyọ àpilẹ̀kọ. Copyright Clearance Center ní Get It Now, Reprints Desk náà ní tirẹ̀, kò sì yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé owó jáde rárá.

Ẹ̀yin ìṣègùn ni ọkàn mi balẹ̀ lórí yín jù. Àpilẹ̀kọ tí wọ́n fi owó NIH (àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń fowó sí ìwádìí ìlera) ṣe ìwádìí rẹ̀, tí jọ́nà sì gbà wọlé láti 1 July 2025, ní láti wà ní PubMed Central (àkójọ ọ̀fẹ́ orí ayélujára) ní ọjọ́ tó bá jáde, kò sí ìdádúró oṣù 12 ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ọmọ PhD, kọ̀wé sí òǹkọ̀wé àpilẹ̀kọ náà fúnra rẹ̀. Inú wọn máa ń dùn pé ẹnì kan fẹ́ kà wọ́n.

Ọmọ PhD

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Ẹnì kan dá mi lóhùn lálẹ́ àná, ó tún fi méjì mìíràn kún un.

Ará Ọ̀yọ́ ní Stockholm

Ẹ má bínú pé mo pẹ́ kí n tó dé, òtútù ń mú wa níbí.

Ní Sweden, gbogbo wa la jọ jáwọ́. Bibsam ló ń dúnàádúrà fún àwọn yunifásítì àti ilé-iṣẹ́ ìwádìí. Wọ́n jẹ́ kí àdéhùn Elsevier parí ní 30 June 2018, òmíràn ò sì bẹ̀rẹ̀ títí di 1 January 2020. Ilé ò wó. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò dun ẹnikẹ́ni. Nígbà tí Bibsam bi àwọn olùwádìí, ó lé ní ìdajì àwọn tó dáhùn tó ní ó pa iṣẹ́ àwọn lára. Ọ̀pọ̀ ló sì ní àwọn ò lo ìyáwèé rí, wọ́n kàn bẹ ọ̀rẹ́ nílùú òkèèrè. Ẹ wo ibẹ̀ dáadáa, ẹ̀yin tó ń ka iye ìbéèrè ìyáwèé kí ẹ fi sọ pé kò sí ìṣòro. Ẹni tí kò béèrè kò túmọ̀ sí pé kò nílò rẹ̀.

Àwọn ará Jámánì ló ní sùúrù jù. Nǹkan bí 200 ilé-ẹ̀kọ́ ló jẹ́ kí àdéhùn wọn pẹ̀lú Elsevier parí nígbà tí Projekt DEAL ń dúnàádúrà fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ní July 2018, Elsevier ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. September 2023 ni wọ́n tó fẹnu kò. Láàárín àkókò yẹn, wọ́n bá àwọn atẹ̀wétà Wiley àti Springer Nature ṣe tiwọn, nítorí náà ojú kan ṣoṣo ni wọ́n ń bá jà.

Èyí tí mo fẹ́ kí Ọmọ Ìkirè gbé lọ bá ọ̀gá rẹ̀ lónìí ni ti owó. Owó tí ẹ kò ná ní January, àwọn mìíràn ní yunifásítì ti ń wò ó. Bí ẹ kò bá gba ìwé àdéhùn lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà pé owó yẹn á dúró sí ilé-ìkàwé fún ó kéré tán ọdún méjì, tí ẹ ó fi san ìyáwèé, ẹyọ àpilẹ̀kọ, àti àwọn jọ́nà díẹ̀ tí ẹ ó tún rà, wọ́n á fi ṣe òrùlé pápá ìṣeré. Nígbà tí atẹ̀wétà bá wá padà dé pẹ̀lú iye tó dára, kò ní sí owó lápò yín mọ́.

Ìbàdàn Mesìọ̀gọ̀

Mo ń ka gbogbo yín láti orílé. Ẹ̀yin ń jáwọ́, àwa owó ló jáwọ́ lára wa. Kí June 2023 tó dé, ₦460 àti díẹ̀ ni dọ́là kan lọ́dọ̀ ìjọba. Láàárín 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Dọ́là ni ìwé owó jọ́nà ń bá wá. Kò sí ìgbìmọ̀ olùkọ́ kan tó jókòó dìbò. Ẹni tó ń ṣe ìṣirò kàn wo bébà náà, ó sì pa á dé.

Torí náà, ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe bí ẹ ṣe máa jáwọ́, ohun tí ẹ máa fọwọ́ sí nígbà tí ẹ bá padà ni. Àdéhùn tí Màmá ń yìn yẹn, tí àpilẹ̀kọ òǹkọ̀wé ń jáde lọ́fẹ̀ẹ́, dára fún wa láti kà. Ṣùgbọ́n ó ń sọ ọ́ di àṣà pé òǹkọ̀wé ló ń sanwó. Ní Jámánì, 2,750 yúrò ni wọ́n ń san fún Wiley lórí àpilẹ̀kọ kan nígbà tí àdéhùn yẹn bẹ̀rẹ̀ ní 2019. Nígbà tí Nature ṣí tirẹ̀ sílẹ̀ ní 2021, 9,500 yúrò ni. Ẹ ròó sí náírà, kí ẹ wá fi wé owó oṣù lẹ́kítọ́rà níbí. Wọ́n ní ẹ̀dínwó wà fún àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó. Ó wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìgbà, àwọn jọ́nà tó jẹ́ ọ̀fẹ́ pátápátá nìkan ló kàn. Jọ́nà aládàpọ̀, tó ń gba owó òǹkàwé àti ti òǹkọ̀wé pọ̀, kì í sí níbẹ̀.

Fún àwọn ará wa ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò tó ń ka èyí: Research4Life ń fún àwọn orílẹ̀-èdè tó wà ní ẹgbẹ́ A láàyè láti wọlé láìsan kọ́bọ̀, ẹ̀yin méjèèjì sì wà níbẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ ló ń forúkọ sílẹ̀, kì í ṣe ẹnì kọ̀ọ̀kan. Hinari ni ti ìṣègùn, AGORA ni ti iṣẹ́ àgbẹ̀, OARE ni ti àyíká, ARDI ni ti ìmọ̀ ẹ̀rọ, GOALI ni ti òfin. Ẹ bi ilé-ìkàwé yín bóyá ẹnì kan ṣì mọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀.

Ìyá Àwọn Ìwé

Ìbàdàn, òótọ́ lo sọ, mi ò sì ní jiyàn. Ẹ̀yìn àdéhùn yẹn ni mo ṣì wà, nítorí ní 2021 kò sí ohun tó dára ju ìyẹn lọ lórí tábìlì. Àmọ́ mo gbà pé kò yẹ kó di ibi tí a ó kú sí.

Ará Ọ̀yọ́ ní Stockholm

Níbí náà, ní 2023, àwọn yunifásítì ti jáde sọ pé àdéhùn ìkà-àti-ìtẹ̀, irú ti UC yẹn, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi tí a ó dúró sí. Ẹ wo yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà. Ní October 2019 wọ́n kọ ìlànà tiwọn sílẹ̀ fún gbogbo atẹ̀wétà. Ní June 2020 wọ́n dá ọ̀rọ̀ dúró pẹ̀lú Elsevier nítorí pé ìfilọ̀ wọn kò bá ìlànà náà mu, wọn ò sì sáré padà. Ìyáwèé àti ẹyọ àpilẹ̀kọ ni wọ́n fi ń ṣe é, owó tó kù sì wà fún ohun mìíràn. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó jáwọ́ ló gbọ́dọ̀ padà.

Ọmọ Ìkirè ní Midwest

Ẹ ò mọ bí ẹ ṣe tù mí lára tó. Mo ti rí àdéhùn ọdún mẹ́jọ nínú àpótí kan, mo sì ti kọ̀wé sí wọn fún àkọsílẹ̀ ẹ̀tọ́ wa. Ọ̀gá mi ń lọ bá ìgbìmọ̀ àwọn olùkọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ohun méjì ló kù. Ọjọ́ wo ni kí n kọ sójú ìwé wa pé ilẹ̀kùn á tì? Wọ́n sì ti fèsì pé lẹ́yìn tí a bá jáwọ́, a ó máa san owó kan lọ́dọọdún kí ohun tó jẹ́ tiwa tó lè máa ṣí. Ṣé ó tọ́ bẹ́ẹ̀?

Oníyàáwèé

Má kọ ọjọ́. Kọ “láti January, nígbàkigbà”. Àdéhùn lè parí ní December kí wọ́n má tì í títí April, bí wọ́n ṣe jẹ́ kó ṣì máa ṣí fún UC títí July yẹn. Bí o bá kọ 1 January, tó sì ṣì ń ṣí, àwọn èèyàn á ní irọ́ lẹ pa. Fi ìránnilétí ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i ní ọ̀sẹ̀ tó bá tì gan-an, pẹ̀lú ìjápọ̀ fọ́ọ̀mù ìyáwèé, kí o sì jẹ́ kí àwọn tó wà ní tábìlì ìbéèrè mọ̀ ṣáájú.

Akọ̀wé Àdéhùn

Owó pèpéle ni wọ́n ń pè é, ó wà nínú ọ̀pọ̀ àdéhùn, wọ́n sì máa ń kọ ọ́ ní lẹ́tà kéékèèké. Wo àdéhùn tó wà lójú iná: bí wọ́n bá kọ iye rẹ̀, ìyẹn ni, bí wọ́n bá kọ “owó tó mọ níwọ̀n” láìsí iye, ibẹ̀ ni kí o ti dúnàádúrà, kí wọ́n kọ iye náà sílẹ̀ kí ẹ tó bu ọwọ́ lu ohunkóhun, kí wọ́n sì kọ iye tó lè fi lé sí i lọ́dún. Bí o bá rí i pé jọ́nà yẹn wà ní Portico, tí atẹ̀wétà ti fọwọ́ sí i fún irú èyí, ẹ ò nílò láti san án rárá. Àti pé àwọn àdéhùn kan gbà yín láàyè láti kó fáìlì àpilẹ̀kọ náà fúnra yín sórí ẹ̀rọ tiyín. Wo abala tó sọ̀rọ̀ nípa òpin àdéhùn. Bí o bá rí i, fi gbólóhùn náà síbí, yọ orúkọ wọn kúrò, a ó jọ kà á.